Maikirosíkóòpù, Ibà Pọ́njú àti Ìwé tí A Ń Wá



Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ibà pọ́njú, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní yẹ́lò fífà, tún yọjú ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Kwara ni a ti rí i, lára ọmọdébìnrin kan. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dá àwọn aláṣẹ lójú, ilé ìwádìí Pasteur ní Dakar, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, ni ó fi ọwọ́ sí i. Ènìyàn lè béèrè pé: ṣé kò sí maikirosíkóòpù ní ilé ìwòsàn wa ni? Ó wà. Òun náà ni a fi ń rí kòkòrò màléríà nínú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ti ibà pọ́njú yàtọ̀, ìdí tí ó sì fi yàtọ̀ ní ẹ̀kọ́ nínú fún gbogbo ẹni tí ń wá ìmọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Maikirosíkóòpù tí a mọ̀ jù ń lo ìmọ́lẹ̀. Ní ọdún 1873, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Ernst Abbe, fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ààlà. Bí ó ti wù kí gíláàsì awò náà dán tó, ohun méjì tí àlàfo àárín wọn kò tó nǹkan bí 200 nánómítà yóò dà pọ̀ di ọ̀kan lójú ẹni tí ń wò wọ́n. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni nánómítà. Kòkòrò màléríà tóbi ju ààlà yìí lọ dáadáa. Fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú kò ju nǹkan bí 50 nánómítà lọ.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fẹ́ mọ irú nǹkan báyìí lónìí, kò ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìkàwé òkèèrè. Àkójọ atọ́ka ìwé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní PubMed. Ilé Ìkàwé Ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà ni ó ni ín, láti ọdún 1997 ni ó sì ti ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ìwé tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 35. Kí a tẹ orúkọ àrùn àti orúkọ awò sí i ni. Kí a tó ṣẹ́jú, ìwé ti tò lọ bí èèrà.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Lára ohun tí irú ìwákiri bẹ́ẹ̀ lè gbé síwájú ènìyàn ni ìwé tí Hideyo Noguchi, ọ̀mọ̀wé ará Japan tí ń ṣiṣẹ́ ní New York, kọ ní ọdún 1919. Ó ti lọ sí Guayaquil ní ilẹ̀ Ecuador ní 1918, ó sì rí kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó lọ́ bí okùn lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ó kéde pé òun ni ó ń fa ibà pọ́njú. Noguchi kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tí ó rí, ó rí i ní tòótọ́; ṣùgbọ́n ní 1926 a fi hàn pé kòkòrò náà jẹ́ ti àrùn mìíràn tí ó jọ ibà pọ́njú, tí eku máa ń gbé kiri.

Ìdáhùn tòótọ́ ti ilẹ̀ wa níhìn-ín jáde. Àjọ Rockefeller dá ìgbìmọ̀ ìwádìí kan sílẹ̀ ní Yábàá, ní Èkó, ní 1925. Ní 1927, àwọn oníwádìí náà gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí, wọ́n sì fi sí ara ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà. Asibi sàn, ọ̀bọ náà kú. Ohun tí ń fa àrùn náà sì ń gba inú asẹ́ tí kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò bíi ti màléríà kọjá. Fáírọ́ọ̀sì ni. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, kó àrùn náà, ó sì kú ní Èkó ní ọdún yẹn kan náà. Noguchi fúnra rẹ̀ wá sí Accra láti yẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wò. Ibà pọ́njú pa á níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1928. William Young tí ó ràn án lọ́wọ́ tẹ̀lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti inú fáírọ́ọ̀sì Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1937, èyí tí a ń gbà títí di òní.

Ìwé tí a kọ ní 1919 kò lè sọ ohun tí a rí ní 1927. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ó bá ka ti àkọ́kọ́ nìkan yóò wo ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, kò ní rí nǹkan kan, yóò sì ní kí ó máa lọ sílé. Àní ààlà tí Abbe fi hàn pàápàá, ní 2014 ni àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta gba ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n rí ọgbọ́n tí a fi lè rékọjá rẹ̀. Ará iwájú tí ó jìn sí kòtò ni ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n, bí ará ẹ̀yìn bá wo ilẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń kàwé, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tí a kọ ìwé. Ẹ wo àwọn ìwé tí ó tẹ̀lé e tí ó sì dárúkọ rẹ̀. PubMed máa ń tò wọ́n sí ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìsọníṣókí nìkan ṣe ìdájọ́. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìwé náà ni a ń fi owó ńlá rà kí a tó lè kà wọ́n tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn onítẹ̀wé ti dá ètò Hinari sílẹ̀ láti 2002, kí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí lè ka irú ìwé wọ̀nyí lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ẹ̀dínwó. Ó yẹ kí olúkúlùkù alábòójútó ilé ìkàwé wádìí bóyá ilé iṣẹ́ rẹ̀ lè wọ inú rẹ̀, kí ó sì sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn aláṣẹ pẹ̀lú, bí wọ́n ti ń ra maikirosíkóòpù, kí wọ́n má gbàgbé iná mànàmáná àti íntánẹ́ẹ̀tì tí a ó fi wá ìwé rẹ̀.

Awò ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìwé náà ní ọjọ́ tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ. Ẹni tí ó bá mọ méjèèjì ni kò ní ṣi aláìsàn lọ́nà.