Ẹ̀gún Ẹ̀yìn Karaba: Ìyìn àti Ẹjọ́ Fíìmù Kirikou

Ìfáárà

Fíìmù tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé lórí ni Kirikou et la Sorcière, èyí tí Michel Ocelot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ tí ó sì darí, tí ó sì jáde ní àwọn ilé sinimá ilẹ̀ Faransé ní oṣù Kejìlá ọdún 1998. Fíìmù àwòrán ni, ìyẹn oríṣi fíìmù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kàtúnnù: ojú òṣèré kì í hàn nínú rẹ̀, àwòrán tí a yà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni a ń tò tẹ̀lé ara wọn, tí a sì ń mú kọjá kíákíá títí ojú yóò fi gbà pé wọ́n ń rìn. Ìtàn inú rẹ̀ sì jẹ́ ìtàn àràmàǹdà, nítorí pé ọmọ ìkókó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ère igi sì ń jíṣẹ́.

Ẹnu kò tíì kò lórí fíìmù yìí rí. Ó gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ fún fíìmù gígùn níbi àjọ̀dún fíìmù àwòrán ti Annecy ní ọdún 1999, àwọn tó wò ó ní ilé sinimá Faransé sì lé ní mílíọ̀nù kan. Síbẹ̀, àwọn kan lọ́ra láti gbé e jáde nítorí ìhòòhò inú rẹ̀, àwọn mìíràn, tí àwọn ọmọ Áfíríkà wà lára wọn, sì ní ojú àlejò ni ó fi wo abúlé àwọn baba wọn. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀sùn àwọn alátakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dé ààyè kan, ṣùgbọ́n pé ìbéèrè kan wà ní àárín ìtàn náà, ìyẹn ìbéèrè nípa ohun tó sọ ẹni ibi di ẹni ibi, tí àṣà Yorùbá ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, àti agbègbè rẹ̀ ti ń dojú kọ tipẹ́tipẹ́. Inú ìbéèrè yìí ni iyì fíìmù náà wà, inú ìdáhùn tí ó fún un sì ni àléébù rẹ̀ fara sin sí.

Ìtàn náà ní ṣókí

Karaba, obìnrin tí gbogbo abúlé gbà pé àjẹ́ ni, ti gba wúrà àwọn obìnrin, ìsun omi abúlé ti gbẹ, àwọn ọkùnrin tó lọ bá a jà kò sì padà, ohun tí wọ́n sì ń wí ni pé ó ti pa wọ́n jẹ. Ní àkókò ìṣòro yìí ni ọmọ kan sọ̀rọ̀ láti inú ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ wá sáyé, ìyá rẹ̀ sì fi í sílẹ̀ kí ó bọ́ sóde fúnra rẹ̀. Ó jáde, ó gé ìwọ́ ara rẹ̀, ó sì kéde pé Kirikou ni orúkọ òun. Kò ga ju ìdajì ẹsẹ̀ àgbàlagbà lọ, ṣùgbọ́n ó fi ara pamọ́ sábẹ́ fìlà láti dáàbò bo ẹbí rẹ̀ kan tó ṣẹ́kù nínú àwọn jagunjagun, ó yọ àwọn ọmọdé nínú ewu ọkọ̀ ojú omi tí Karaba fi tàn wọ́n, ó sì wọ inú ìsun lọ gún ẹranko abàmì tó ń mu omi abúlé tán.

Nínú gbogbo èyí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kò kúrò lẹ́nu rẹ̀: kí ló dé tí Karaba fi burú? Àwọn ará abúlé kò ní èsì ju pé ó burú nítorí pé àjẹ́ ni, ìyẹn ni pé wọ́n ń fi ẹ̀sùn ṣe ẹ̀rí ara rẹ̀. Bàbá àgbà Kirikou, ọlọ́gbọ́n tó ń gbé inú òkè tí Karaba kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé, ni ó wá ṣí i payá pé àwọn ọkùnrin kan ti mú obìnrin náà mọ́lẹ̀ nígbà kan rí, wọ́n sì ti gún ẹ̀gún olóró mọ́ ọn ní eegun ẹ̀yìn. Láti ibi ẹ̀gún náà ni agbára rẹ̀ ti ń wá, láti ibẹ̀ náà sì ni ìrora tí kì í dáwọ́ dúró fún un ti ń wá. Kò pa àwọn ọkùnrin abúlé jẹ, ńṣe ni ó sọ wọ́n di ère tí ń jíṣẹ́ fún un. Kirikou bẹ bàbá àgbà pé kí ó fún òun ní oǹdè, ṣùgbọ́n bàbá kò fún un, nítorí pé àìní ààbò rẹ̀ gan-an ni yóò jẹ́ kí ó máa ronú. Ọmọ náà sì padà lọ fi ọgbọ́n fa Karaba jáde, ó sì fi eyín fa ẹ̀gún náà yọ.

Bí a ṣe ṣe fíìmù náà

Ọdún 1943 ni a bí Ocelot, Conakry ní ilẹ̀ Gíní ni ó sì ti lo ìgbà èwe rẹ̀, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ìpìlẹ̀ ìtàn rẹ̀ wá láti inú àkójọ àlọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí François-Victor Équilbecq, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní ọdún 1913. Dakar ni a ti gba ohùn àwọn ọmọdé àti àwọn òṣèré sílẹ̀, Awa Sène Sarr, òṣèré ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, sì ni ó sọ ọ̀rọ̀ Karaba. Olùdarí náà fẹ́ kí èdè Faransé inú fíìmù náà dún bí ó ṣe ń dún lẹ́nu àwọn ènìyàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Youssou N'Dour ni ó ṣe orin rẹ̀, ohun èlò ìbílẹ̀ ni ó sì lò. Àwòrán ìgbẹ́ àti igbó rẹ̀ yá nǹkan lọ́wọ́ Henri Rousseau, ayàwòrán Faransé tó yà igbó tí kò dé rí, ìdúró àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì yá nǹkan lọ́wọ́ àwọn àwòrán ara ògiri Íjíbítì àtijọ́. Nítorí náà, àkópọ̀ ni fíìmù yìí: àlọ́ láti Áfíríkà, ìrántí ọmọ Faransé kan, ohùn Dakar, àti ọwọ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù, láti Riga dé Budapest.

Ẹjọ́ tí àwọn alátakò pè

Ẹ̀sùn kìn-ín-ní ni ti ìhòòhò. Àwọn obìnrin inú fíìmù náà kò bo ọmú, Kirikou kò sì wọ nǹkan kan. Àwọn kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ owó àti ìgbéjáde wà lọ́wọ́ wọn ní kí Ocelot fi aṣọ bo àwọn obìnrin náà láyà, ó kọ̀ jálẹ̀, èyí sì dí ìpínkiri fíìmù náà lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ní apá yìí, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn fíìmù náà, nítorí pé kámẹ́rà rẹ̀ kò dúró lórí ara ẹnikẹ́ni bí ẹni tó ń wo ọjà. Àwọn obìnrin ń gún odó, wọ́n ń pọnmi, ìhòòhò wọn kò sì jẹ́ ọ̀rọ̀ lójú ara wọn.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a gbọ́ ìdí tí inú fi ń bí àwọn ọmọ Áfíríkà tó bá kọ̀ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Edmond Fortier, ayàwòrán oníkámẹ́rà tó fi Dakar ṣe ibùdó, ta káàdì ìfìwéránṣẹ́ lóríṣiríṣi nípa àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé, Dahomey tó di Benin lónìí sì wà lára wọn. Àwòrán àwọn obìnrin tí aṣọ kò bò láyà wà nínú ohun tó ń tà. Ẹni tí wọ́n ti fi ara ìyá rẹ̀ àgbà ṣòwò rí kò lè ṣàì fura nígbà tí ọmọ Faransé mìíràn bá tún gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dé, bí ó ti wù kí ọkàn onítọ̀hún mọ́ tó.

Ẹ̀sùn kejì ni pé abúlé Kirikou kò ní orúkọ, kò ní ọdún, kò ní mọ́ṣáláṣí tàbí ọjà, bí ẹni pé Áfíríkà wà lẹ́yìn ìtàn. Àwọn olùgbèjà lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni àlọ́ ṣe ń rí, nítorí pé àlọ́ Ìjàpá náà kì í dárúkọ ọdún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ àlọ́ Ìjàpá ní Pobè tàbí Sakété ní Benin mọ̀ pé ìlú tí òun ń gbé yàtọ̀ sí ìlú inú àlọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ọmọ Páríìsì tó wo Kirikou lè máà ní àwòrán Áfíríkà mìíràn tí yóò fi wé e.

Ẹ̀sùn kẹta ni ó wúwo jù: pé kí fíìmù yìí tó jáde ni Áfíríkà ti ń ya fíìmù àwòrán tirẹ̀ láìsí ẹni tó pariwo rẹ̀. Moustapha Alassane, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger, ti ṣe La Mort de Gandji ní ọdún 1965 àti Bon voyage Sim ní ọdún 1966, níbi tí ó ti fi àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ẹ̀fẹ̀ nípa ààrẹ tó fẹ́ràn ìrìn àjò ọlọ́lá. Kì í ṣe abúlé aláìlọ́dún ni Alassane yà, ìṣèlú ìgbà ayé rẹ̀ ni. Síbẹ̀ àwọn ọmọ tó mọ Kirikou lórí pọ̀ gidigidi ju àwọn tó mọ orúkọ Alassane lọ.

Ìbéèrè Kirikou àti ìdáhùn Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Bí a bá gba gbogbo ẹ̀sùn wọ̀nyí wọlé, kí ló kù tí a ó fi yin fíìmù náà? Ìbéèrè ọmọ náà ni ó kù, ó sì pọ̀. Yorùbá ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìdí yìí gan-an ni Kirikou ń wá nígbà tí àwọn àgbà ti dájọ́ tán. Fíìmù náà kò sọ pé Karaba kò ṣe ibi, nítorí pé ó ṣe é, a sì rí i. Ohun tí ó sọ ni pé ọwọ́ àwọn ọkùnrin ni ibi náà ti bẹ̀rẹ̀, pé ẹ̀gún tí wọ́n fi ipá gún mọ́ obìnrin lára, èyí tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kà sí àpẹẹrẹ ìfipábánilòpọ̀, ni ó di ìyà gbogbo abúlé. Bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó yìí, ọmọ ọdún márùn-ún lè gbọ́ ọ yé láìsí pé ẹ̀rù pa á, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá.

Àwọn Yorùbá Benin kò ní láti lọ jìnnà kí wọ́n tó rí ohun tó bá èyí mu. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ tọ orírun rẹ̀ dé Kétu, dúró lórí ìgbàgbọ́ pé àwọn àgbà obìnrin, tí a ń fi ọ̀wọ̀ pè ní àwọn ìyá wa, ní agbára tó lè tún ìlú ṣe tó sì lè tú ìlú ká. Lẹ́yìn ìkórè, tàbí nígbà tí ọ̀dá bá dá tàbí tí àjàkálẹ̀ àrùn bá ń jà, gbogbo ìlú yóò péjọ sí gbàgede. Òṣèré tí a ń pè ní Ẹ̀fẹ̀ yóò kọrin lóru, yóò fi àwàdà àti èébú tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, àwọn ọkùnrin yóò sì múra bí obìnrin, wọn yóò gbé ère sórí, wọn yóò jó fún àwọn ìyá. UNESCO kéde eré yìí gẹ́gẹ́ bí ogún ìran ènìyàn ní ọdún 2001, ó sì wọ ìwé àkójọ rẹ̀ ní ọdún 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò; onímọ̀ Babátúndé Lawal sì ti tú u palẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1996. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í lé àwọn ìyá jáde nílùú, kì í dáná sun wọ́n. Ó ń tù wọ́n lójú ni, ó sì ń fi agbára wọn sí ibi tí yóò ti ṣe ìlú láǹfààní. Ọ̀dá ni ó gbé Kirikou dìde, ọ̀dá náà sì wà lára ohun tó ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde.

Ọmọ tó bí ara rẹ̀

Ìyìn kejì jẹ́ ti ọmọ náà fúnra rẹ̀. Nínú ìtàn Yorùbá, ọmọ tí a bí tó sì ń sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀ kì í mú ayọ̀ wá. Àjàntálá, tí D. O. Fágúnwà náà kọ ìtàn rẹ̀, jẹ́ àlejò tó ń da ilé rú. Nínú The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola tẹ̀ jáde ní ọdún 1952, ọmọ tó jáde láti inú àtàǹpàkò ìyá rẹ̀ jẹ oúnjẹ ilé tán, ó sì lu ará ìlú, títí bàbá rẹ̀ fi dáná sun ún mọ́lé. Ocelot mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ọ́ di olùgbàlà tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń fura sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lásán ní Benin. Ní apá àríwá orílẹ̀-èdè náà, pàápàá láàrin àwọn Baatonu tí Yorùbá ń pè ní Bàrìbá, wọ́n ti ń ka ọmọ tó fi ẹsẹ̀ wáyé, tàbí tí eyín òkè rẹ̀ kọ́kọ́ hù, sí àjẹ́, wọ́n sì ti pa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé wọn jù sílẹ̀. Òfin Ọmọdé ti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2015 ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ìgè ni Yorùbá ń sọ ọmọ tó fi ẹsẹ̀ wáyé, ó sì ń kì í ní oríkì. Ìlú tí òfin ti ń gbèjà ọmọ tí ìbí rẹ̀ yàtọ̀ ní ìdí láti fi fíìmù yìí han àwọn ọmọ ilé ìwé, kí wọ́n sì jíròrò rẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́.

Ibi tí ìdáhùn fíìmù náà kù sí

Àléébù tó ṣe pàtàkì jù kì í ṣe ti aṣọ, ti ìparí ni. Nígbà tí ẹ̀gún yọ, agbára Karaba lọ, Kirikou ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Karaba fẹnu kò ó lẹ́nu, ọmọ náà sì di géńdé ọkùnrin lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí: obìnrin tí àwọn ọkùnrin ṣe ní ibi gba ìwòsàn, ó sì pàdánù agbára, ó sì bọ́ sílé ọkọ. Àwọn tó gún un lẹ́gùn-ún kò jẹ́jọ́. A kò tilẹ̀ bi wọ́n léèrè. Àwọn ará abúlé kò gbà á pẹ̀lú ìrònúpìwàdà, wọ́n fẹ́ bá a jà títí àwọn ọkùnrin wọn fi padà dé pẹ̀lú ìlù.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ní gba irú ìparí bẹ́ẹ̀. Nínú rẹ̀, agbára àwọn ìyá kì í parẹ́, a kì í sì í ti ọwọ́ ènìyàn kan ṣoṣo wá ìlàjà. Gbogbo ìlú ni ó ń jẹ gbèsè, gbogbo ìlú ni ó sì ń san án, lọ́dọọdún, ní gbangba, pẹ̀lú orin tó ń dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀. Ocelot béèrè ìbéèrè ìlú, ó sì fi ìdáhùn rẹ̀ lé ọmọ kan lọ́wọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ó tọ́, nígbà náà, kí a yin Kirikou et la Sorcière, kí a sì pè é lẹ́jọ́ nínú gbólóhùn kan náà. Ìyìn rẹ̀ ni pé ó kọ́ ọmọdé láti wá ìdí kí ó tó dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Ẹjọ́ rẹ̀ ni pé ó dá ẹni tí a ṣe ní ibi sílẹ̀ láìdá ẹni tó ṣe ibi lẹ́jọ́. Àwọn fíìmù tó ti jáde lẹ́yìn rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà, bíi Aya de Yopougon ti ọdún 2013, tí Marguerite Abouet, ọmọ Ivory Coast, bá ẹlòmíràn darí, àti eré àtìgbàdégbà Iwájú ti ọdún 2024, tí Olufikayo Ziki Adeola, ọmọ Nàìjíríà, darí, fi hàn pé ìlú ńlá, mọ́tò àti ọdún tiwa lè wọ inú fíìmù àwòrán. Ohun tó kù ni kí ẹnìkan ní Kútọnu, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu gbé ìbéèrè Kirikou dé gbàgede Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí ó ya fíìmù tí àwọn tó gún obìnrin lẹ́gùn-ún yóò ti dìde níwájú ìlú láti jẹ́wọ́, tí obìnrin náà yóò sì gba ìwòsàn láìpàdánù agbára rẹ̀. Fíìmù bẹ́ẹ̀ ni yóò jẹ́ àríwísí tó péye jù lọ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí iṣẹ́ Ocelot, òun náà ni yóò sì jẹ́ ìyìn rẹ̀ tó ga jù.