Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ Ìtàn Ara Wa Sílẹ̀
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ ní Ìgángán

 

Ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Ní òru ọjọ́ 5 mọ́ ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgángán yìí. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ààfin. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Mélòó nínú àwọn tí ó ṣojú wọn ni ó ti kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀? Àìtètèmólè, olè ń mólóko. Bí a kò bá kọ ọ́, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni yóò máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Èmi kì í ṣe akọ̀wé." Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni ó kọ́. Ìránṣẹ́ ni ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ l'Ékòó nígbà tí ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Ẹ̀yin awakọ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kọ sára mọ́tò, tí ẹni tí ń kọjá ń kà tí ó ń rẹ́rìn-ín, kí ni ìyẹn bí kò ṣe ìwé kíkọ? Ìtàn tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni ó kù kí ẹ kọ.

Báwo ni a ó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ènìyàn márùn-ún ti tó. Ẹ mú ọjọ́ kan lóṣù. Kí ẹnì kan ka ìwé Yorùbá sókè, ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta, kí àwọn yòókù dá sí i. Lẹ́yìn èyí, ìbéèrè kan fún gbogbo wa: owó iṣẹ́ tí o kọ́kọ́ gbà, kí ni o fi ṣe? Ní ọjọ́ mìíràn: ta ni ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́? Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kí ó sọ tirẹ̀, kí ọ̀dọ́ kan kọ ọ́ bí ó ti ti ẹnu rẹ̀ jáde gan-an, kí ó sì kà á padà sí i létí. Ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí i. Bí ẹni méjì bá sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ méjèèjì. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ má fi ipá mú un sọ̀rọ̀. Ohun tí kò bá sì fẹ́ kí ó jáde, kò gbọdọ̀ jáde.

Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ó sì sọnù síbẹ̀. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ tí ó sì tún ìwé náà kọ, kí ó tó jáde ní 1921. Àjẹkù àkọsílẹ̀ ilé ni ó gba ìtàn náà là.

Àwọn àgbà wa ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. A ń jà fún owó oṣù, ẹ jẹ́ kí a jà fún ìtàn wa pẹ̀lú. Ìwé kan àti bíírò kan ni ohun ìjà. Kí olúkúlùkù kọ ìlà márùn-ún lálẹ́ òní kí ó tó sùn.