Àlìkámà àti Ojú Ọjọ́

Búrẹ́dì tí a fi ń jẹ ẹ̀wà láàárọ̀, àlìkámà ni a fi ṣe é. Lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí a bá àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé oko àlìkámà rẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá ni ó ń gbin èyí tí mò ń wí. Gbogbo ìgbà òtútù ni yóò fi wà lóko. Ó di nǹkan bí oṣù kẹjọ ọdún kejì kí wọ́n tó kórè rẹ̀. Lára àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni àwọn ohun tíntìntín kan, ìbátan olú àti ohun tí ń mú kí búrẹ́dì bu. Ojú ọjọ́ tí ọ̀kan fẹ́ kọ́ ni èkejì ń fẹ́.

Ọ̀kan ń mú kí ewé dà bí irin tó dípẹtà. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ pupa ẹyin ni yóò tò lẹ́sẹẹsẹ lójú ewé. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, yóò lẹ̀ mọ́ yín ní ìka. Ìtutù díẹ̀ ni ó fẹ́, bí ìwọ̀n 10 sí 15 Sẹ́ńtígíréèdì, pẹ̀lú ìrì. Òtútù líle ń pa púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà bí òtútù kò bá mú tó lọ́dún kan, kí àgbẹ̀ má tètè yọ̀. Ní 2011 ni ẹ̀yà rẹ̀ tuntun kan, tí wọ́n ń pè ní Warrior, yọjú ní Britain. Ó ran àlìkámà tí wọ́n ti gbójú lé tẹ́lẹ̀.

Èyí tí ń jẹ́ Septoria ni mo kà sí alárékérekè jù. Ewé ìsàlẹ̀ ni ó ń ba sí. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ̀kán omi yóò ta irúgbìn rẹ̀ sókè, sára àwọn ewé òkè tí ń bọ́ ọmọ ọkà. (Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ẹ mọ ohun tí òjò ń ṣe!) Fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ewé náà yóò máa tutù yọ̀yọ̀, láìsí àpá kankan, àìsàn sì ti wà nínú rẹ̀. Bí àpá bá fi yọ, oògùn kò lè sọ ewé náà di ọ̀tun mọ́. Nítorí náà, òjò ni àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ ń ṣọ́, kò dúró de àpá.

Fusarium ní tirẹ̀ ń wá nígbà tí òjò bá bá àlìkámà lórí ìtànná, ní oṣù kẹfà. Májèlé ni ó ń fi sínú ọkà, èyí tí í mú ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn bì. Iná ààrò búrẹ́dì kò sì lè pa á tán. Òjò kò jẹ́ kí wọ́n sinmi ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2012. Tọ́ọ̀nù 6.7 péré ni wọ́n rí lórí hẹ́kítà kan, nígbà tí wọ́n ti ń rí bíi 7.8 ṣáájú.

Ẹni tó bá pẹ́ gbìn kì í sábà rí Septoria tó ẹni tó tètè gbìn. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀ ńkọ́? Ó lè má rí ibi gbìn rárá. Ohun tí àgbẹ̀ náà ń rò nìyí, bí ó ti dúró létí oko ní oṣù kẹsàn-án tí ó ń wo sánmà.

Ó dàárọ̀ o.