Apaná Àdúgbò: Ọwọ́ Wa Ni, Ojú Gbogbo Wa Ni

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá iná tó bá ṣẹ́ yọ níbi tí omi yí ká, bí i Agboyi tó wà lódìkejì Kétu.

Gbogbo wa la mọ bí Agboyi ṣe rí. Láti ayébáyé ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Kétu àti ọjà Mile 12. Ọkọ̀ panápaná tó bá gbéra ní Alausa lè dé etí omi, ṣùgbọ́n kò lè lúwẹ̀ẹ́. Ohun tó ń dunni níbẹ̀ ni pé omi pọ̀ yí ilé ká, síbẹ̀ ilé lè jó kanlẹ̀ nítorí pé kò sí ohun tí a ó fi gbé omi náà dé orí iná.

Iṣẹ́ panápaná kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ọdún 1901 ni ìjọba amúnisìn dá ẹ̀ka panápaná sílẹ̀ lábẹ́ ọlọ́pàá Èkó, èyí tó wá di ti ìjọba àpapọ̀. Ọdún 1972 ni Ìpínlẹ̀ Èkó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà tí a ó pè ni 112 tàbí 767. Ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ yín. Ṣùgbọ́n iná kì í dúró de ẹni tó ń bọ̀. Nínú yàrá tí fóòmù àti aṣọ kún, iná tí garawa omi kan ìbá pa lè gba gbogbo yàrá láàárín ìṣẹ́jú 5. Pákó sì ni ọ̀pọ̀ ilé etí omi. Nítorí náà, aládùúgbò ni apaná àkọ́kọ́, yálà ó kọ́ṣẹ́ tàbí kò kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́ ọ.

Àwọn kan yóò ní, ṣé tálákà ló yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ ìjọba? Ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ wo Jámánì, tí àwọn tó ń fi ara wọn jìn láti pa iná lọ́fẹ̀ẹ́ ju mílíọ̀nù kan lọ. Àgbẹ̀ wà nínú wọn, olùkọ́ wà, mẹkáníìkì wà. Ṣùgbọ́n òfin wọn ló ní kí ìjọba ìbílẹ̀ pèsè ọkọ̀ àti irinṣẹ́. Ará ìlú mú ọwọ́ wá, ìjọba mú irinṣẹ́ wá. Bí àwa náà ṣe gbọ́dọ̀ béèrè nìyẹn lọ́dọ̀ Ìjọba Ìdàgbàsókè Ìbílẹ̀ Agboyi-Kétu: kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò àti Baálẹ̀ kọ̀wé, kí wọ́n sì gba ẹ̀dà èyí tí wọ́n buwọ́ lù padà.

Ènìyàn 12 tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Kí a yan àwọn tó ń wà nílé lọ́sàn-án: aránṣọ, ọlọ́kọ̀ ojú omi, ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí ń fa omi, rọ́bà gígùn, garawa, iyanrìn àti agogo. Kí àwọn panápaná ìpínlẹ̀ sì kọ́ wọn. Epo tó gbaná nínú ìkòkò, a kì í da omi sí i. Ọmọrí ni a fi ń dé e. Iná bẹntiróòlù, omi yóò kàn gbé e kiri ni. Bí ọ̀pá epo bá sì ń jò, kí wọ́n lé ènìyàn sẹ́yìn, kí wọ́n má súnmọ́ ọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, ọ̀pá epo bú gbàù ní Ilado, abúlé etí omi níhìn-ín ní Èkó. Àwọn tó kú lé ní 100. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yìn tí a bá ra ẹ̀rọ tán ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan yóò yá a láti fi fa omi kọ́lé. Ẹnìkan yóò fa bẹntiróòlù inú rẹ̀ sí jẹnẹrétọ̀. Kọ́kọ́rọ́ yóò bá alága lọ sí òde ìnáwó, iná yóò sì ṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí kọ́kọ́rọ́ jẹ́ méjì, nílé méjì. Kí a máa tan ẹ̀rọ náà wò ní gbangba lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí a kọ náírà àti lítà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí a sì kà á sókè nípàdé oṣooṣù. Ẹni tó ń tọ́jú owó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń yẹ ìwé wò, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí rẹ̀.

Ẹrù tí a bá kó jáde nílé oníná, kí a kà á lójú ẹlẹ́rìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa pe ọmọ ọlọ́mọ lólè. Kí a má ṣe béèrè owó kí a tó pa iná. Kí ilé ayálégbé àti ilé àlejò jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ilé onílẹ̀.

Nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 6, nígbà tí wọ́n kùn pé a ń fo àwọn opó kan nínú ìpín oúnjẹ, àwọn àpósítélì kò bínú. Wọ́n ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ yan ènìyàn méje tí a jẹ́rìí sí. Ìbéèrè kì í ṣe ọ̀tá iṣẹ́ rere; òun ló ń jẹ́ kó pẹ́.

Nítorí náà, kí ìpàdé àdúgbò tó ń bọ̀ tó tú ká, ẹ jẹ́ kí a ti kọ orúkọ 12 sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ 3 tí yóò máa bi wọ́n léèrè.