Ẹ Wo Férémù Kí Ẹ Tó Wo Ẹ́ńjìnnì

 

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń wá Honda C70, irú èyí tí àwọn tíṣà wa ń gùn, pé ẹ fẹ́ rà á tún ṣe. Mo ti rà á rí. Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ẹ́ńjìnnì nìkan ni mo wò. Ó ti gan, ni wọ́n fi tà á fún mi ní pọ́ọ́kú. Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún kò yọ mí lẹ́nu, 72 cc péré ni. Mo yọ pulọ́ọ̀gì, mo da ọ́ìlì sí i, ó di ọjọ́ kejì kí n tó rọra fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó sì yí. Mo fọ kábúrétọ̀, ó dún kíkankíkan.

Àṣé férémù ti jẹrà lábẹ́! Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ ni. Omi a máa dúró sínú rẹ̀. Nọ́ńbà ara rẹ̀ kò sì bá ìwé mu. Owó tí mo fẹ́ fi kanlé ló wọlẹ̀ yẹn. Títí dòní, ẹ̀yìnkùlé ló wà.

Nítorí náà, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òòlù kan férémù lábẹ́. Ẹ́ńjìnnì ló kẹ́yìn.

Èyí tó bá kàn sùn, ẹ jí i: ọ́ìlì, bíréèkì, táyà, epo tuntun. Ẹ má tú u palẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.