Ta Ni Òṣìṣẹ́ Yunifásítì Yóò Ké Sí?



Bí ènìyàn bá ti Bodokro ní ilẹ̀ Baoulé lọ sí Bouaké, ní Côte d'Ivoire, yóò dé ìlú tí Yunifásítì Alassane Ouattara wà. Ọdún 2012 ni wọ́n fún un ní orúkọ yìí. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, yunifásítì náà ní láti ṣí kúrò ní Bouaké lọ sí Abidjan. Gbogbo ayé ni ó rí ìyà tí ó jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà, nítorí ogun a máa pariwo.

Ṣùgbọ́n ìyà mìíràn ń bẹ tí kì í pariwo. Ọ̀gá kan lè jókòó lé ìwé ìgbéga obìnrin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ó ní kò níí kúrò lórí tábìlì òun àfi bí obìnrin náà bá gbà fún òun. Òmíràn lè máa bú agbálẹ̀ lójoojúmọ́ níṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Oorun a dá lójú ẹni bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ a sì sú u.

Òfin kò dákẹ́. Òfin iṣẹ́ Côte d'Ivoire ti ọdún 2015 ka irú ìyọlẹ́nu bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ní ọdún 2019, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé fọwọ́ sí Àdéhùn 190 ní Geneva, èyí tí ó dáàbò bo ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ àti ẹni tí ń wá iṣẹ́ pàápàá. Nàìjíríà gbà á wọlé ní ọdún 2022.

Ṣùgbọ́n òfin tí ó wà ní Abuja tàbí Abidjan kò lè gbọ́ ẹkún inú ọ́fíìsì. Ó yẹ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan yan àwọn tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́, tí wọn kò sí lábẹ́ ẹni tí a fi sùn. Kí wọ́n gbọ́ tọ̀tún tòsì, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kí iṣẹ́ má sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ òtítọ́. Kí dókítà àti olùgbani-nímọ̀ràn wà nítòsí rẹ̀.

Yunifásítì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Bí agbálẹ̀ rẹ̀ bá ń sunkún ní kọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ wo ni ó ń kọ́ni?