Ayùn Ẹlẹ́ńjìnnì fún Àwọn Ọmọ Wa Tí Ń Gun Igi
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa)

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí irú ayùn tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ rà fún àwọn ọmọ wa tí ń gé ẹ̀ka igi jẹun. Èmi kì í gun igi o. Oníṣòwò irinṣẹ́ ni mí. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọjà náà ni n ó sọ.

Gbogbo àwa tí a wá jókòó ní Òkè Ọya la mọ oore tí dóńgóyárò ń ṣe wá. Ibòòji rẹ̀ la fi ń bọ́ lọ́wọ́ oòrùn. Ṣùgbọ́n bí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá dé, ẹ̀ka tí a kò gé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni í wó lu páànù. Iṣẹ́ tòótọ́ ni àwọn ọmọ wa ń ṣe. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù ni pé ayùn àwọn tí ń la pákó ni àwọn kan ń yá gun igi.

Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Stihl 070 tí àwọn alápákó fẹ́ràn wúwo ju kílò 10 lọ, kí a tó fi irin gbọọrọ àti ṣéènì sí i. Orí ilẹ̀ ni ibi tirẹ̀. Ayùn orí igi yàtọ̀. Òkè ẹ́ńjìnnì ni ìdìmú rẹ̀ wà. Echo CS-2511T jẹ́ bíi kílò 2.3, Stihl MS 201 T jẹ́ bíi kílò 3.7. Irin, ṣéènì, epo àti ọ́ìlì yóò tún fi bíi kílò kan kún ìwọ̀n yìí. Nítorí náà, kí ẹni tí yóò lò ó bá wa dé ọjà, kí ó gbé e sókè títí apá rẹ̀ yóò fi sọ òótọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n fífúyẹ́ nìkan kò tó. Ẹ̀ka dóńgóyárò àti máńgòrò a máa tó itan ènìyàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá kéré jù, ayùn yóò há sínú igi, ẹni tí ó sì wà lókè yóò máa fà á tipátipá. Níbẹ̀ ni ewu wà. Lójú tèmi, irú èyí tí ó jẹ́ bíi kílò 3.7, tí irin rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 12, ni ó bá iṣẹ́ wa mu. Igi tí ó bá nípọn ju irin náà lọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ní irinṣẹ́ rẹ̀.

Kí a tó sanwó, ẹ wo nǹkan mẹ́ta. Èkíní, bíréèkì ṣéènì gbọ́dọ̀ mú. Èkejì, bí a bá ti tú ọwọ́ sílẹ̀ lórí epo, ṣéènì gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ̀kẹta, ṣéènì, irin àti pílọ́ọ̀gì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ọjà wa níhìn-ín. Ní ti epo, ọ́ìlì 100 mílílítà ni a ń pò mọ́ bẹntiróòlù lítà 5.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nítorí pé ayùn yìí fúyẹ́, ọkàn yín yóò fẹ́ fi ọwọ́ kan lò ó. Ẹ má ṣe é. Bí ṣóńṣó irin bá kan igi, ayùn a máa ta padà sí ojú àti ọrùn. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi dì í mú. Ẹ tan án nílẹ̀ kí ó gbóná, ẹ ti bíréèkì rẹ̀, kí ẹ tó fi okùn fà á sókè. Nígbà tí ẹ bá ń gé igi, kí okùn méjì so yín mọ́ ọn, nítorí ayùn lè gé ọ̀kan. Igi tí ó bá kan wáyà iná, ẹ má ṣe gùn ún rárá.

Bàbá Alága, ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ nìyí. Okùn, bẹ́líìtì, àti akoto tí ó bo ojú àti etí wà nínú iye owó ayùn. Bí owó àpò kò bá tó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí a ra okùn ṣáájú, kí ayùn dúró di oṣù mìíràn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwọn òbí tí ó fi ọmọ wọn lé wa lọ́wọ́ kò ní kí a dá wọn padà sílé lórí àkéte.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí àgbákò.